Òkìtì Ìjòyè, Odi Ìlú: Ẹ̀kọ́ Lára Iṣẹ́ Erùpẹ̀



Ní ọjọ́ kan nínú kíláàsì ìtàn, olùkọ́ wa fi àwòrán òkìtì kan hàn wá. Koríko tútù bo òkìtì náà láti ìdí dé orí. Orí rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ, kòtò ńlá sì yí ìdí rẹ̀ ká. Olùkọ́ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó wà, àti pé láti orí irú òkìtì bẹ́ẹ̀ ni àwọn ìjòyè ti ń ṣe àkóso àwọn àgbẹ̀ ní nǹkan bí 900 ọdún sẹ́yìn. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tí kì í ṣe Yorùbá wá yíjú sí wa, ó ní, "Ẹ̀yin ńkọ́? Kí ni àwọn baba ńlá yín fi erùpẹ̀ ṣe nígbà náà?" Kẹ́kẹ́ pa mọ́ wa lẹ́nu. Ọmọ Ìjẹ̀bú wà níbẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá wà níbẹ̀, ọmọ Ọ̀yọ́ náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó lè fèsì. Ojú tì mí, nítorí pé èmi náà wà lára àwọn tí ó dákẹ́.

Ìdákẹ́ ọjọ́ náà ni ó bí àpilẹ̀kọ yìí. Mo padà sí ilé ìkàwé, mo sì rí i pé ìdáhùn wà lọ́pọ̀lọpọ̀. Àwa ni a kò wá a. Ohun tí mo fẹ́ kí a jọ kọ́ kò ju ìbéèrè mẹ́ta lọ, tí a lè bi òkìtì tàbí odi erùpẹ̀ èyíkéyìí ní ayé: Ta ni ó gbẹ́ ẹ? Ta ni ó wà nínú rẹ̀? Ẹ̀rù ta ni ó mú kí a mọ ọ́n? Bí a bá rí ìdáhùn sí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, a ó mọ irú àwùjọ tí ó wà níbẹ̀, bí àwọn tí ó gbé ibẹ̀ kò tilẹ̀ kọ ìwé kan sílẹ̀.

1. ÀWỌN Ọ̀RỌ̀ TÍ A NÍLÒ

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ jẹ́ kí a yanjú ọ̀rọ̀ díẹ̀, nítorí èdè wa fúnra rẹ̀ ti tọ́jú ìtàn yìí pamọ́.

Odi ni ògiri tí a mọ yí ìlú ká. Ohùn àárín méjì ni ó wà lórí rẹ̀. Ohùn kan náà ni a fi ń pe odi, ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀. Àwa tí a kò rí nǹkan sọ nípa odi ní ọjọ́ yẹn, àwa gan-an ni odi!

Yàrà ni kòtò gígùn tí a gbẹ́ sí ẹ̀yìn odi. Ẹ ṣọ́ra fún ohùn o: ohùn ìsàlẹ̀ méjì ni yàrà ní, ṣùgbọ́n yàrá tí a ń sùn sí ní họ́sítẹ́ẹ̀lì, ohùn òkè ni ó parí rẹ̀. Orúkọ yàrà kò parẹ́. Ìlá-Yàrà ni orúkọ ìlú àtijọ́ kan tí àwọn ará Ìlá gbé kí wọ́n tó dé ibi tí wọ́n wà lónìí.

Ibodè ni ẹnu ọ̀nà tí ó wà lára odi. Oníbodè ni ẹni tí ń ṣọ́ ọ, tí ó sì ń gba owó lọ́wọ́ oníṣòwò. Nígbà tí a bá ń pe ààlà Nàìjíríà àti ilẹ̀ Benin ní ibodè lónìí, ọ̀rọ̀ odi ìlú ni a ń lò láìmọ̀. Ní Ìbàdàn, ọjà Ibodè ṣì wà títí di òní.

Òkìtì kò nílò àlàyé: erùpẹ̀ tí a kó jọ tí ó ga ni. Láti ibẹ̀ ni a ó ti bẹ̀rẹ̀.

2. ÒKÌTÌ ILẸ̀ GẸ̀Ẹ́SÌ

Ní 1066, William, olórí àwọn ará Normandy, kó ọmọ ogun sínú ọkọ̀ ojú omi láti ilẹ̀ Faransé lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó ṣẹ́gun Ọba Harold nítòsí Hastings, ó sì gorí oyè. Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni kí a ṣẹ́gun ọba, ọ̀tọ̀ ni kí a jọba lórí àwọn ènìyàn rẹ̀. Àwọn ará Normandy kò pọ̀, èdè wọn yàtọ̀, àwọn onílẹ̀ sì kórìíra wọn. Ọgbọ́n tí wọ́n ta sí i ni òkìtì.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á fa àmì roboto sórí ilẹ̀, wọ́n á sì gbẹ́ yàrà yí i ká. Erùpẹ̀ tí wọ́n bá gbẹ́ jáde ni wọ́n á máa dà sí àárín, tí wọ́n á sì máa gún un mọ́lẹ̀ ní ìpele ìpele títí yóò fi di òkìtì. Púpọ̀ nínú wọn kò ga tó mítà 5. Àwọn díẹ̀ sì ga tó mítà 20. Wọ́n á fi igi kọ́ ilé ìṣọ́ sí orí rẹ̀. Ní ìsàlẹ̀, wọ́n á ṣe àgbàlá kan tí ọgbà igi àti yàrà yí ká. Àgbàlá yìí ni àwọn ọmọ ogun, ẹṣin, ilé ìdáná àti ilé àdúrà máa ń wà. Bí ọ̀tá bá gba àgbàlá, olówó ibẹ̀ á sá gun orí òkìtì. Gbogbo iṣẹ́ náà lè parí láàárín ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀, kò sì gba ọ̀mọ̀lé tí ó mọ òkúta gbẹ́. Ohun tí ó gbà kò ju ọkọ́, ṣọ́bìrì, igi, àti ènìyàn tí kò lè kọ̀.

Ta ni ó gbẹ́ ẹ? Àwọn onílẹ̀ tí a ṣẹ́gun ni. Aṣọ olónà kan wà ní ìlú Bayeux ní ilẹ̀ Faransé, gígùn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà 70, tí a fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya ìtàn ogun 1066 sí lára. Lára aṣọ náà ni a ti rí àwọn tí ń fi ṣọ́bìrì kó erùpẹ̀ òkìtì Hastings jọ.

Ta ni ó wà nínú rẹ̀? Ìjòyè, ìdílé rẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun rẹ̀ nìkan. Àwọn ará ìlú kò sí nínú rẹ̀. Nígbà mìíràn, ilé wọn ni wọ́n wó kí òkìtì lè ríbi jókòó. Nígbà tí William ní kí wọ́n ka gbogbo ohun ìní ilẹ̀ náà sínú ìwé ní 1086, àwọn akọ̀wé rẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ilé 166 ni wọ́n wó ní Lincoln nítorí ilé olódi. Ní York, wọ́n pín ìlú sí ọ̀nà méje, ọ̀nà kan nínú méje náà sì ti lọ sí abẹ́ òkìtì méjì tí William mọ síbẹ̀.

Ẹ̀rù ta ni ó mú kí a mọ ọ́n? Ẹ̀rù àwọn ará ìlú gan-an ni. Orí òkìtì ni ìjòyè ti ń wo ọjà, afárá àti oko. Bí ọ̀tẹ̀ bá ṣẹ́, òun ni yóò kọ́kọ́ rí i. Bí kò bá sì sí ọ̀tẹ̀, àgbẹ̀ tí ó bá gbójú sókè nínú oko ń rí ilé náà ní gbogbo ọjọ́, ó sì mọ ẹni tí ó ni òun.

Ẹ̀yìn òkìtì yìí ni ètò tí àwọn onímọ̀ ń pè ní feudalism dúró sí. Ọba ni ó ni gbogbo ilẹ̀. Ó gé ilẹ̀ fún àwọn ìjòyè ńlá, kí wọ́n lè máa bá a jagun. Ìjòyè náà gé nínú tirẹ̀ fún àwọn jagunjagun ẹlẹ́ṣin, àṣà sì ni pé kí ẹlẹ́ṣin fi 40 ọjọ́ nínú ọdún sìn. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá ni àgbẹ̀ wà. Ó ń ṣiṣẹ́ ní oko olówó rẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan lọ́sẹ̀ kí ó tó ráyè ṣe tirẹ̀. Kò gbọdọ̀ fi ilẹ̀ náà sílẹ̀ láìgbàṣẹ. Bí ọmọbìnrin rẹ̀ bá fẹ́ lọ sílé ọkọ, ó ní owó tí yóò san fún olówó rẹ̀. Ilẹ̀ so ó mọ́lẹ̀ bí a ti ń so ewúrẹ́ mọ́ èèkàn, òkìtì sì ni èèkàn náà.

Nígbà tí ó pẹ́, igi jẹrà, wọ́n sì fi òkúta rọ́pò rẹ̀. Ilé olódi Windsor, tí William bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí òkìtì àti igi, ṣì jẹ́ ilé ọba títí di òní. Àwọn òkìtì tó kù di ibi tí àgùntàn ń jẹ koríko, irú èyí tí olùkọ́ fi hàn wá.

3. EREDO ÌJẸ̀BÚ

Ẹ jẹ́ kí a wá padà sílé pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta kan náà. Bí a bá wá òkìtì olórí títẹ́jú bíi ti Gẹ̀ẹ́sì káàkiri ilẹ̀ Yorùbá, a ó rẹ̀ lásán ni. Iṣẹ́ erùpẹ̀ tiwa kì í lọ sókè sí ojú kan. Ó máa ń yí ilẹ̀ ká ni.

Èyí tí ó tóbi jù nínú wọn ni Eredo tí a ń fi orúkọ Bilikisu Sungbo pè, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Yàrà àti òkìtì rẹ̀ gùn tó nǹkan bí 160 kìlómítà. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé Àbújá, ẹ wò ó báyìí: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìrìn àjò láti ibí dé Kàdúná. Ilẹ̀ tí ó yí ká fẹ̀ tó nǹkan bí 40 kìlómítà láti àríwá sí gúúsù, ó sì tó 35 láti ìlà-oòrùn sí ìwọ̀-oòrùn. Ìjẹ̀bú-Òde wà nínú rẹ̀, àti ọ̀pọ̀ ìlú, abúlé, oko, ọjà àti igbó. Ní àwọn ibì kan, láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì ga tó mítà 20, ìyẹn ni pé ó tó ilé alájà mẹ́fà. Ilẹ̀ pupa ni wọ́n gbẹ́, irú èyí tí ń le bí òkúta bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, nítorí náà ni ògiri yàrà náà fi dúró ṣánṣán láti ọ̀rúndún dé ọ̀rúndún. Bí ènìyàn bá wà ní ìsàlẹ̀ rẹ̀, igi àti ìtàkùn ń bo ọ̀run mọ́ ọn lójú, ewéko tútù sì bo ògiri lọ́tùn-ún lósì.

Peter Lloyd kọ̀wé nípa rẹ̀ ní 1959, ṣùgbọ́n Patrick Darling ni ó rìn ín tí ó sì wọ̀n ọ́n ní àwọn ọdún 1990, tí òkìkí rẹ̀ fi kàn ní 1999. Darling ṣe ìṣirò pé erùpẹ̀ tí wọ́n kó níbẹ̀ tó nǹkan bí mílíọ̀nù 3.5 mítà níbùú-lóòró, ó sì ju ohun tí wọ́n fi kọ́ pírámíìdì ńlá ilẹ̀ Íjíbítì lọ. Ẹ rántí pé kò sí katakata nígbà náà. Ọkọ́, agbọ̀n àti orí ènìyàn ni.

Ta ni ó gbẹ́ ẹ? Ìtàn àtẹnudẹ́nu ní Bilikisu Sungbo ni. Wọ́n ní obìnrin ọlọ́rọ̀ ni, kò bímọ, ó sì fẹ́ fi ohun ìrántí sílẹ̀. Ọdọọdún ni àwọn ènìyàn ń lọ bẹ ibojì rẹ̀ wò ní Òkè-Ẹ̀rì, nítòsí Ìjẹ̀bú-Òde. Àwọn kan tilẹ̀ ní òun ni ayaba Ṣébà tí ó lọ kí Ọba Sólómọ́nì, nítorí pé Bilikisu ni àwọn Mùsùlùmí ń pe ayaba náà. Níbí ni kí akẹ́kọ̀ọ́ ti lo làákàyè. Ìwádìí àwọn awalẹ̀pìtàn ní ọ̀rúndún kọkànlélógún yìí fi hàn pé ìparí ọ̀rúndún kẹrìnlá sí ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbẹ́ Eredo. Ó lé ní 2,000 ọdún tí ó wà láàárín Sólómọ́nì àti ìgbà náà, ẹnì kan kò sì lè gbé ayé tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí èyí da ìtàn Sungbo nù. Ohun tí ìtàn náà rántí dáadáa ni pé iṣẹ́ yìí ju agbára ẹ̀yà ilé kan lọ, àti pé ẹni tí ó bá lè kó irú èrò bẹ́ẹ̀ jọ, orúkọ rẹ̀ kò ní parẹ́ láéláé.

Ta ni ó wà nínú rẹ̀? Gbogbo ìlú ni. Àgbẹ̀ wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú oko rẹ̀, ọba wà nínú rẹ̀, òrìṣà àti igbó òrò náà wà nínú rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín Eredo àti òkìtì Lincoln kò ju èyí lọ: ní Lincoln, wọ́n wó ilé ará ìlú kí ìjòyè lè ríbi gbé, ní Ìjẹ̀bú, wọ́n fi yàrà yí ilé ará ìlú ká.

Ẹ̀rù ta ni? Kò sí ọmọ ogun tí ó lè ṣọ́ 160 kìlómítà tọ̀sán-tòru. Nítorí náà, kì í ṣe ogun nìkan ni a gbẹ́ ẹ fún. Ààlà ni. Ó ń sọ fún àlejò pé, "Láti ibí lọ, òfin Ìjẹ̀bú ni." Ó ń mú kí oníṣòwò gba ibi tí a fẹ́ kí ó gbà, ó sì ń dá ẹlẹ́ṣin àti àwọn agbẹ́nigbé dúró títí ìlú yóò fi gbọ́.

4. ODI TÍ Ó GBA ÌLÚ, ÀTI ODI TÍ KÒ GBÀ Á

Ní apá òkè, níbi tí igbó kò ti dí, odi amọ̀ ni àwọn baba wa gbára lé. Wọ́n á gbẹ́ yàrà, wọ́n á fi omi po erùpẹ̀ rẹ̀, wọ́n á fi ẹsẹ̀ gún un, wọ́n á sì mọ ọ́n ní ìpele kan. Ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí wọ́n tó gbé ìpele kejì lé e, nítorí náà iṣẹ́ ẹ̀ẹ̀rùn ni. Bí òjò bá dé, odi tí a kò tún ṣe yóò bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Ìyẹn ni pé odi kì í ṣe ohun tí a ń mọ lẹ́ẹ̀kan kí a sinmi. Ọdọọdún ni ìlú gbọ́dọ̀ tún fohùn ṣọ̀kan láti tún un mọ.

Ẹ wo Abẹ́òkúta. Ní 1830, àwọn Ẹ̀gbá tí ogun ti tú ká péjọ sábẹ́ Òkúta Olúmọ, Ṣódẹkẹ́ ni aṣáájú wọn. Ìlú púpọ̀ ni wọ́n, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀, ṣùgbọ́n odi kan ṣoṣo ni ó yí gbogbo wọn ká. Ní oṣù kẹta ọdún 1851, Ọba Gezo ti Dahomey kó ogun ńlá dé, àwọn obìnrin akọni sì wà lára ogun rẹ̀. Apá kan odi náà ti wó, ibẹ̀ ni wọ́n sì pinnu láti gbà wọlé. Àwọn ará Ìṣàgà tí wọ́n gba ìlú wọn kọjá ni ó rọ̀ wọ́n pé ẹ̀gbẹ́ Arò ni ó dára jù, bẹ́ẹ̀ ni apá ibẹ̀ gan-an ni Ẹ̀gbá ti tún ṣe. Ìṣàgà sì ránṣẹ́ sí Ẹ̀gbá ní bòókẹ́lẹ́. Ogun Dahomey kọlu odi Arò, ó sì pàdánù ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn. Wọ́n tún wá ní 1864, odi tún dúró. Ìṣàgà ni ó san gbèsè náà: Dahomey padà wá pa ìlú wọn run ní 1862.

Ẹ wá wo Ọ̀yọ́-Ilé. Nígbà tí arìnrìn-àjò Clapperton dé ibẹ̀ ní 1826, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé odi ìlú náà ga tó 20 ẹsẹ̀ bàtà, ó ní yàrà, ibodè 10 ni ó sì ní. Odi yìí ga ju ti Abẹ́òkúta lọ púpọ̀. Síbẹ̀, kí ọdún 1840 tó pé, ìlú náà ti dahoro. Kí ló dé? Òwe wa dáhùn: bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè wọ ibẹ̀. Afọ̀njá tí ó jẹ́ Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò ti dìtẹ̀ ní Ìlọrin, àwọn ìjòyè àti Aláàfin kò gbọ́ ara wọn yé mọ́, àwọn ìlú abẹ́ Ọ̀yọ́ ti ń yọ ọwọ́ kúrò. Odi amọ̀ kò tíì ya tí odi ìṣọ̀kan ti ya.

Ohun pàtàkì tí mo fẹ́ kí a dì mú nínú ẹ̀kọ́ yìí nìyí. Òkìtì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò nílò ìfẹ́ àwọn ará ìlú. Láti borí àìfẹ́ wọn ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Odi tiwa kò lè dúró láìsí ìfẹ́ wọn.

5. ṢÉ FEUDALISM WÀ NÍ ILẸ̀ WA?

Ẹ má jẹ́ kí a pọ́n ara wa lé jù. Inú odi kì í ṣe ọ̀run rere. Ẹrú wà nínú rẹ̀, ìwọ̀fà wà nínú rẹ̀. Owó tí oníbodè ń gbà, àpò ọba àti àwọn ìjòyè ni ó ń lọ. Ní Ìbàdàn ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, àwọn balógun ní ẹrú púpọ̀ tí ń ro oko fún wọn, wọ́n sì ń fi ajẹ́lẹ̀ sí àwọn ìlú tí wọ́n ṣẹ́gun. Bi ará Èkìtì ìgbà náà pé kí ni ajẹ́lẹ̀, ọ̀rọ̀ tí yóò sọ kò ní jìnnà sí ti àgbẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ń wo òkìtì. Ìdí nìyẹn tí àwọn Èkìtì àti Ìjẹ̀ṣà fi parapọ̀ bá Ìbàdàn ja ogun Kírìjì.

Síbẹ̀, ìyàtọ̀ wà. Ní 1971, Jack Goody kọ ìwé kan níbi tí ó ti ṣàlàyé pé ní Áfíríkà, ilẹ̀ pọ̀, ènìyàn ni ó wọ́n. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹni tí ó bá di ilẹ̀ mú ti di ènìyàn mú. Níbí, bí ọba bá le jù, àwọn ènìyàn rẹ̀ á di ẹrù wọn lálẹ́, wọ́n á sì wá ìlú mìíràn lọ. Ẹbí ni ó ni ilẹ̀, kì í ṣe ọba nìkan. Bí Aláàfin bá sì ṣi agbára lò, Ọ̀yọ́ Mèsì lè ṣígbá fún un, kò sì sí òkìtì tí yóò sá gùn. Nítorí náà, ọlọ́lá tiwa kì í ka ilẹ̀, ènìyàn ni ó ń kà. Ẹ kò ha máa ń gbọ́ ọ pé, "Ènìyàn laṣọ mi"? Ọgbọ́n ìṣèlú ni ọ̀rọ̀ yẹn, ju ọ̀rọ̀ ìfẹ́ lásán lọ.

6. ODI TÍ Ó WÀ LẸ́NU Ọ̀NÀ WA

Bóyá ẹnìkan yóò sọ pé, "Ọ̀rọ̀ Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá jìnnà sí Àbújá." Rárá o. Orúkọ Àbújá gan-an, orúkọ ìlú olódi ni.

Nígbà tí ogun jìhádì lé àwọn ọba Hausa kúrò ní Zaria ní 1804, Makau tí ó jẹ́ ọba wọn kó àwọn ènìyàn rẹ̀ wá sí apá Zuba, láàárín àwọn Gbagyi àti Koro. Lẹ́yìn ikú rẹ̀, àbúrò rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Abu Ja tẹ ìlú dó ní 1828. Ja túmọ̀ sí pupa ní èdè Hausa, nítorí pé apọ́nbéporẹ́ ni. Ní ọdún kejì, ó bẹ̀rẹ̀ odi ìlú náà. Zaria gbógun tì í, kò rí i mú. Ìlú náà dá dúró títí àwọn òyìnbó fi wọ ibẹ̀ ní 1902. Nígbà tí ìjọba ológun dá Agbègbè Olú Ìlú sílẹ̀ ní 1976, wọ́n mú orúkọ Àbújá fún un, ìlú àtijọ́ náà sì di Suleja, láti ara orúkọ Suleimanu Barau tí ó jẹ́ ọba ibẹ̀. Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Kàdúná lọ, tí ẹ rí Àpáta Zuma, ẹ rántí pé àwọn onílẹ̀ fi àpáta náà ṣe ààbò bí Ẹ̀gbá ti fi Olúmọ ṣe.

Ohun ìyanu kan tún wà níbẹ̀. Zazzau tí Abu Ja ti wá ni ilẹ̀ Amina, akọni obìnrin tí àwọn Hausa ń fi orúkọ rẹ̀ pe odi àtijọ́. Amina ní àríwá, Sungbo ní gúúsù: ẹ̀yà méjì tí èdè wọn kò jọra, obìnrin ni àwọn méjèèjì fi odi wọn sọrí. Kí ọkùnrin ẹgbẹ́ wa tí ń sọ pé obìnrin kò lè ṣe alága lọ rò ó wò.

7. Ẹ̀TỌ́ WA

Ní 1995, Nàìjíríà fi Eredo Sungbo àti àwọn yàrà ilẹ̀ Ẹ̀dó sí orúkọ àwọn ibi tí ó fẹ́ kí UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n orúkọ inú ìwé kò lè dá katakata dúró. Títì ti gé Eredo kọjá ní ọ̀pọ̀ ibi. Àwọn kan ń kó erùpẹ̀ rẹ̀ lọ kọ́lé, àwọn mìíràn sọ yàrà di ààtàn. Wọn kì í ṣe ènìyàn burúkú. Kòtò ni wọ́n rí. Kò sí ẹni tí ó sọ fún wọn pé ìwé ni. Báwo ni wọn yóò ṣe mọ̀, nígbà tí àwa tí a wà ní ilé ẹ̀kọ́ gíga kò mọ̀?

Nítorí náà, mo mú àbá mẹ́ta wá fún ẹgbẹ́ wa. Èkíní, bí a bá lọ sílé ní ìsinmi, kí olúkúlùkù bi àgbà ilé rẹ̀ léèrè ibi tí odi ìlú rẹ̀ gbà àti orúkọ àwọn ibodè rẹ̀, kí ó kọ ọ́ sílẹ̀, kí ó sì mú un wá fún ìwé ìròyìn yìí. Èkejì, kí ẹgbẹ́ ṣètò ìrìn àjò ọjọ́ kan lọ sí Suleja àti Zuma. Owó ọkọ̀ kò tó owó ayẹyẹ ìparí ọdún wa. Ẹ̀kẹta, kí ẹni tí ó bá ń wá àkọlé fún iṣẹ́ àṣekágbá rẹ̀ ro odi ìlú rẹ̀ wò.

ÌBÉÈRÈ FÚN ÌJÍRÒRÒ

(a) Kí ni ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín òkìtì tí a mọ láti ṣọ́ ará ìlú àti odi tí a mọ láti dáàbò bo ará ìlú? Fi àpẹẹrẹ méjì gbe ọ̀rọ̀ rẹ lẹ́sẹ̀.
(b) Odi Ọ̀yọ́-Ilé ga, ó wó. Odi Abẹ́òkúta kò ga tó o, ó dúró. Ṣàlàyé.
(d) Àwọn ọgbà gíga tí ó ní géètì àti wáyà lórí, tí a ń rí ní Maitama àti Asokoro lónìí: ṣé òkìtì ni wọ́n tàbí odi? Ta ni ó wà nínú wọn? Ẹ̀rù ta ni ó mú kí a mọ wọ́n?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, bí wọ́n bá tún bi wá ní kíláàsì pé kí ni àwọn baba ńlá wa fi erùpẹ̀ ṣe, ẹ má jẹ́ kí a tún di odi mọ́. Ire o.